Ojú Méjì Lẹ́nu Iṣẹ́ Igba Ojú

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Oníwàádìí kan tó wá sílé wa ló bi mí, ìbéèrè náà kò gùn, kò sì le: "Mà, láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, ǹjẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ kankan fún owó tàbí fún èrè, ì báà jẹ́ fún wákàtí kan péré?" Mo ní rárá. Irọ́ kọ́ ni mo pa. Síbẹ̀, láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń fọ ìlédìí, bí mo bá ń ro àmàlà, bí mo bá jí lóru láti fún ọmọ lọ́mú, èsì yẹn a tún padà wá bá mi, a sì dà bí ẹni pé mo jẹ́rìí ta ko ara mi.

Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo kọ́, òun náà ni mo sì fi jẹun ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn, kí n tó wá jókòó ti àwọn ọmọ nílé wa lẹ́yìn Ìwó Road. Ọmọ mẹ́ta ni. Àgbà ti ń lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, èyí àárín ń sún mọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, àbígbẹ̀yìn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Ẹni tó bá ti fi ìwé owó ṣiṣẹ́ rí mọ̀ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kì í pẹ́ di ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rárá. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ mí lára ju bó ti yẹ lọ.

Láti aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá

N kò ní to gbogbo ohun tí mò ń ṣe láti àárọ̀ di alẹ́ sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ rí mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá sì tọ́ ọmọ rí yóò rò pé mò ń ṣàròyé. Kí aago márùn-ún tó lù ni mo máa ń dìde, nítorí pé omi kànga ilé wa kì í pọ̀ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tó bá sì kọ́kọ́ débẹ̀ ló ń rí èyí tó mọ́ fà. Bí iná bá wà, a ó tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè. Bí kò bá sí, okùn àti ike ìfàmi ni. Lẹ́yìn náà ni ògì, oúnjẹ inú kúlà, aṣọ ilé ìwé tí a gbọ́dọ̀ lọ̀, bàtà ẹsẹ̀ kan tí a kò rí. Ọkọ mi ló ń gbé àgbà dé ilé ìwé, ó sì ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí mo bá ti géètì lẹ́yìn wọn, ilé á dákẹ́, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àkókò tó tẹ̀ lé èyí gan-an ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, láti nǹkan bí aago mẹ́sàn-án sí aago méjìlá, nítorí pé òun ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé mo fi ń sinmi. Mo rẹ aṣọ sínú ọṣẹ. Kí ọwọ́ mi tó kan aṣọ kejì, àbígbẹ̀yìn ti ké. Mo nu ọwọ́, mo gbé e, mo fún un lọ́mú, mo sì pọ̀n ọ́n. Mo padà sídìí aṣọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ tọ̀. Mo gbé e lọ, ó ní òun kò fẹ́ tọ̀ mọ́. Mo padà. Ó tọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo fi aṣọ sílẹ̀, mo nu ilẹ̀, mo pààrọ̀ ṣòkòtò rẹ̀, mo sì jù ú mọ́ èyí tí mò ń fọ̀, tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ náà pọ̀ sí i ju ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Aṣọ tí mo rẹ ní aago mẹ́sàn-án, ó lè tó aago méjìlá kí n tó sá a.

Bí ẹnìkan bá fi aago ka àkókò tí ọwọ́ mi wà nínú omi ọṣẹ gan-an, bóyá kò ní ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Níbo wá ni wákàtí yòókù lọ? Oníṣirò tó wà nínú mi kò yéé béèrè. Wọn kò sí nínú oúnjẹ, wọn kò sí nínú aṣọ, wọn kò sí nínú ilẹ̀ gbígbá. Bí ọkọ mi bá dé ní ìrọ̀lẹ́ tó sì bi mí pé kí ni mo ṣe lónìí, mo lè dárúkọ ohun mẹ́rin, kí n sì rí i lójú rẹ̀ pé ohun mẹ́rin kò tó kí agara dá ènìyàn tó báyìí. Kò sọ ọ́ jáde. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi náà kà á, mo sì rí i pé kò tó.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí Ọlọ́run bá ṣàánú, oorun àwọn méjèèjì a bọ́ sí àkókò kan náà. Nígbà náà ni mo máa ń dúró sí àárín pálọ̀ láìmọ èyí tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe nínú ìwẹ̀, oúnjẹ àti ìjókòó. Ìwẹ̀ ló sábà máa ń borí. Ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí, àyàfi pé àgbà ti dé láti ilé ìwé, ọ̀rọ̀ sì ti kún ẹnu rẹ̀.

Èso ẹ̀wà kan

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, mo wà lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ. Àbígbẹ̀yìn wà lẹ́yìn mi nínú ọ̀já, èyí àárín sì jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ń ṣa ẹ̀wà tó ń bọ́ sílẹ̀, ó sì ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kan géètì. Ó fi káàdì kọ́rùn, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, mà." Bí ọmọlúàbí ti í kí obìnrin tó bá lẹ́nu iṣẹ́ ló ṣe kí mi, lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá mò ń ṣiṣẹ́. Ó ní ìwádìí ni àwọn ń ṣe lórí bí àwọn ará ìlú ṣe ń jẹun, ó sì fẹ́ gba díẹ̀ nínú àkókò mi. Mo fi ìjókòó lọ̀ ọ́.

Ó béèrè ọjọ́ orí mi, ó béèrè ìwé tí mo kà, ó béèrè iye àwa tí a ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Lẹ́yìn ìyẹn ló bi mí ní ìbéèrè tí mo ti sọ lókè, mo sì ní rárá. Ǹjẹ́ mò ń wá iṣẹ́? Rárá. Bí iṣẹ́ bá yọjú lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ǹjẹ́ mo lè bẹ̀rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín, mo fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹ̀yìn mi. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó tẹ nǹkan sórí tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó wá ní, "Láàárín ọjọ́ méje yìí kan náà, mà, ǹjẹ́ ẹ pọn omi fún ìlò ilé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láàárọ̀ láàárọ̀. Ó béèrè bóyá ó tó wákàtí mélòó. Mo sọ fún un, ó sì kọ ọ́. Mo dúró kí ó béèrè ohun tí mo fi omi náà ṣe. Ìbéèrè mìíràn ló bọ́ sí.

Ibẹ̀ ni etí mi ti gbọ́ ìdákẹ́jẹ́. Kí n tó mọ̀ pé mo ti dìde, mo ti di ọwọ́ èyí àárín mú. Ó ti ti èso ẹ̀wà kan dé ẹnu ihò imú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Mo yọ ọ́, mo nu imú rẹ̀, mo gbé àtẹ sókè, mo padà jókòó. Ẹni tó bá mọ ohun tí ẹ̀wà ń ṣe bí omi bá kàn án yóò mọ ìdí tí àyà mi fi já: inú imú tútù, ẹ̀wà a máa wú níbẹ̀, ó sì di ti dókítà. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bojú wò mí. "Kí ló ṣẹlẹ̀, mà?" Mo ní, "Kò sí nǹkan kan." Ó sì bọ́ sí ìbéèrè tó kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ni mo tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Òtítọ́ ni, kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni pé kí nǹkan kan má ṣẹlẹ̀. Bí mo bá ṣe é dáadáa, kò ní sí àmì kankan nílẹ̀ pé mo ṣe é, ìgbà tí mo bá kùnà nìkan ni gbogbo ayé yóò mọ̀ pé iṣẹ́ kan wà níbẹ̀, wọn á sì bi mí pé, "Ibo lo wà?" Níbẹ̀ ni mo ti rí àwọn wákàtí mi tó sọnù. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ojú tí mo fi ń ṣọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń gé aṣọ fífọ̀ sí wẹ́wẹ́, òun náà ló sì ń jẹ́ kí agara dá mi nígbà tí ọwọ́ mi kò tíì ṣe ohun tó pọ̀.

Omi wọlé, ìwẹ̀ kò wọlé

Mo lọ kà nípa ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iṣẹ́ ìwé owó ti bà lójú jẹ́. NBS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, gbé ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń ka àwọn tó níṣẹ́ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023. Nínú ìlànà tuntun náà, wákàtí kan péré lọ́sẹ̀, fún owó tàbí èrè, ti sọ ènìyàn di ẹni tó níṣẹ́. Ìdá àwọn aláìníṣẹ́ tí wọ́n ti sọ pé ó jẹ́ 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìparí ọdún 2020 wá di 4.1 ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023. Ariwo tí àwọn ènìyàn pa lórí èyí ṣì wà ní etí wa. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo yẹn, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ irú wa. A kò sí nínú àwọn tó níṣẹ́, a kò sì sí nínú àwọn tí kò níṣẹ́, nítorí pé a kò wá a, a kò sì lè bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n bá fún wa. Ẹ̀yìn odi ni wọ́n kọ wá sí.

Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé, tí ó ń ta omi inú ọ̀rá àti yìnyín lójú fèrèsé rẹ̀ nírọ̀lẹ́, ti di òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀. N kò bínú sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ìbéèrè omi ni kò yé mi, mo sì tọ ipa rẹ̀ títí mo fi rí i. Ìlànà tí àwọn orílẹ̀-èdè fi ń ṣírò ohun tí ìlú ń pèsè lọ́dún, èyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé là sílẹ̀, ka omi pípọn mọ́ ọn, ì báà jẹ́ fún ìlò ilé ara ẹni. Ṣùgbọ́n oúnjẹ tí a fi omi náà sè fún ará ilé, ọmọ tí a fi wẹ̀, aṣọ tí a fi fọ̀, ìta ni gbogbo wọn wà. Bí mo bá gba ẹnìkan tí ó ń wẹ ọmọ fún mi tí mo sì ń san owó oṣù fún un, ìwẹ̀ kan náà ti wọlé. Omi kan náà, kàǹkàn kan náà, ọmọ kan náà. Ẹni tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìwé owó mọ̀ pé bí irú èyí bá wáyé nínú ìwé ilé iṣẹ́, aṣàyẹ̀wò owó yóò béèrè ọ̀rọ̀.

Àwọn onímọ̀ náà mọ̀ pé ọ̀ràn wà níbẹ̀. Ní ọdún 2013, níbi àpérò àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ tí ILO, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, pè ní Geneva, wọ́n fẹnu kò pé iṣẹ́ ni ìtọ́jú ọmọ àti iṣẹ́ ilé tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀. Iṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú iṣẹ́ tí a ó torí rẹ̀ pe ènìyàn ní ẹni tó níṣẹ́. Ní ọdún 2018, ILO yìí kan náà ṣe ìṣirò láti orílẹ̀-èdè 64, wọ́n sì rí i pé wákàtí bílíọ̀nù 16.4 ni àwọn ènìyàn ń fi ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójúmọ́ kan, bí ẹni pé bílíọ̀nù 2 ènìyàn ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ láìgba kọ́bọ̀. Obìnrin ló ń ṣe ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀.

Inú mi dùn sí ìṣirò yìí fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rántí èso ẹ̀wà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń rí wákàtí bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n bi ènìyàn ní ohun tó ṣe láti ìgbà tó jí títí tó fi sùn. Orílẹ̀-èdè Benin ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní 1998, South Africa ṣe é ní 2000 àti 2010, Ghana ṣe é ní 2009. Ó dára bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí a máa ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bi mí ní ohun tí mo ṣe ní aago mẹ́wàá ọjọ́ yẹn, ẹ̀wà ṣíṣà ni n ó sọ. Kò ní wá sí mi lọ́kàn láti sọ pé mò ń fi etí kan gbọ́ bí ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀, kí n lè mọ ìgbà tí kò bá sọ ọ́ mọ́. Ìṣọ́ kì í dúró lọ́tọ̀ kí a lè wọ̀n ọ́n; abẹ́ iṣẹ́ mìíràn ló máa ń wà, kò sì ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin tí a lè fi aago kà.

Ìsọ̀ ìyá mi ní Gbági

Ìyá mi ta aṣọ ní Gbági fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá wá kí wa, tí wọ́n sì rí bí ilé ṣe rí, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́: "Àjíkẹ́, èmi ò jókòó ti ọmọ rí o. Márùn-ún ni mo bí, ìsọ̀ mi ò sì fọjọ́ kan wà ní títì nítorí ọmọ." Ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí rí. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oníwàádìí yìí, mo gbà á lọ́nà mìíràn. Mo bi wọ́n pé, "Màámi, bí ẹ bá wà lọ́jà, ọ̀dọ̀ ta ni mo máa ń wà?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé ìbéèrè òmùgọ̀ ni mo béèrè. "Ṣé inú ilé kọ́ lo wà ni?" Inú ilé, nínú agboolé wa lẹ́bàá Ọjà Ọba. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n: ìyá bàbá mi tó máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, ìyàwó àbúrò bàbá mi tó ń ránṣọ nínú yàrá iwájú, àwọn ọmọbìnrin ńlá tó bá ti ilé ìwé dé, káfíńtà òdìkejì tí kò bá wa tan rárá, ṣùgbọ́n tó máa ń kígbe bí ọmọ kankan bá sún mọ́ gọ́tà. Wọ́n ń kà wọ́n lọ, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní, "Ìyá ọkọ mi ló tọ́ ẹ, ká sòótọ́."

Ojú méjì ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, àmọ́ bí ìmọ̀ràn lásán ni mo ṣe ń gbọ́ ọ. Ní báyìí, mo gbà pé àkọsílẹ̀ ìṣirò ni: bí iṣẹ́ ìṣọ́ ṣe pín sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, tí kò fi wúwo lọ́wọ́ ẹnìkan, tí ìyá ọmọ fi lè lọ sí Gbági. Ìyá àgbà kò fi ẹ̀gúsí sílẹ̀ torí pé ọmọ ń ṣeré níwájú rẹ̀. Aránṣọ kò pa ẹ̀rọ rẹ̀. Ìgbà tí a wá kó lọ sí fúláàtì, tí a mọ odi, tí a sì fi géètì sí i, gbogbo ojú wọ̀nyẹn wà lẹ́yìn odi, méjì péré ló kù nínú ilé. A tún wá ń retí pé kí méjì yìí ṣe iṣẹ́ igba.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń fi agboolé yangàn. Ìjà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè na ọmọ rẹ, àṣírí kò sì ní ibi tí yóò sá sí. Àwọn ọmọbìnrin ńlá tí ìyá mi dárúkọ yẹn, tí wọ́n ń pọ̀n wá, mo mọ̀ nínú wọn tí kò parí ilé ìwé. Ẹ̀yìn wọn la fi ra òmìnira àwọn ìyá tó ń lọ sọ́jà. Ẹni tó bá fẹ́ kí a padà sí ayé àtijọ́ gbọ́dọ̀ sọ fún wa ọmọ ta ni a ó mú kúrò ní kíláàsì.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè jẹ́ kó kọjá, èyí tí àwọn ọkùnrin kan máa ń sọ pé àwọn ìyá wa àtijọ́ jókòó sílé tọ́mọ. Àwọn ìyá ta ni? Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, òwò ló fi di ẹni ńlá. Ní Abẹ́òkúta, owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin lọ́tọ̀ sí ti ọkọ wọn ló bí ìjà tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì kó wọn jà láti 1947, títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 1949. Nígbà tó jẹ́ owó ni ìjọba fẹ́ gbà, ó mọ obìnrin kà dáadáa. Ìyá tó dá nìkan wà nílé pẹ̀lú ọmọ kéékèèké láti àárọ̀ di alẹ́ kì í ṣe àṣà baba ńlá ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tuntun ni, ilé tuntun àti iṣẹ́ oṣù ló bí i.

Ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì

Àwọn ènìyàn máa ń rò pé èmi ni mo yàn án láti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí pé ọkọ mi ló ní kí n fi í sílẹ̀. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa fún obìnrin tó bá bímọ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìdajì owó oṣù ó kéré tán bí ó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní kí ọmọ má fẹnu kan ohunkóhun lẹ́yìn ọmú ìyá rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìyá bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ọmọ kò ní ju oṣù kan àbọ̀ lọ. Òfin náà rò ó, ó sì pèsè ohun kan: kí obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́mú máa gba ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti lọ fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì wọkọ̀ ní Dùgbẹ̀ rí. Ní ọjọ́ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wà, ìdajì wákàtí kò ní gbé mi kúrò ní Dùgbẹ̀ gan-an, ká má tíì sọ pé mo dé àdúgbò Géètì, ká má tíì sọ Ìwó Road.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti sọ ìsinmi náà di oṣù mẹ́fà fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ láti 2014, ìjọba àpapọ̀ náà sì fún àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ 14 nígbà tí ìyàwó bá bímọ, láti 2022. Ó dára fún òṣìṣẹ́ ìjọba. Ilé iṣẹ́ aládàáni ni èmi àti ọkọ mi wà. Nígbà tí a bí ẹnìkejì, tí mo yọ owó ilé ìtọ́jú ọmọ àti owó ọkọ̀ kúrò nínú owó oṣù mi, ohun tó kù kò tó èyí tí a lè fi ra ìlédìí. Ìṣirò ló gbé mi jókòó sílé. Ọkọ mi kò ní ìpín nínú rẹ̀ ju bí èmi ti ní lọ, àyàfi pé kò sí ẹni tó bi òun bóyá òun náà lè jókòó. Èmi náà kò bi í.

Àwọn kan ní kí ìjọba máa san owó oṣù fún ìyá ilé. N kò sí lẹ́yìn wọn. Owó náà ì bá wúlò, ṣùgbọ́n ojú kan kò ní tìdí rẹ̀ kún ojú méjì tó wà nílé. Àwa la ó ṣì dá nìkan wà pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà, owó á kàn wà lápò. Ohun tí mo ń wá ni ẹni tí yóò bá mi pín ìṣọ́ náà.

Nítorí náà ni mo ṣe kan ilẹ̀kùn Ìyá Ìbejì. A ṣe àdéhùn pé láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, òun ni yóò máa bá mi wo àwọn ọmọ, n ó sì máa san owó díẹ̀ fún un. Èmi á fi àkókò náà bá télọ̀ kan ní ìkóríta wa ṣe ìwé owó rẹ̀, òun náà á sì san díẹ̀ fún mi. Kò rọrùn. Ìyá Ìbejì gbà pé kò sí ohun tí bísíkíìtì kò lè yanjú, mo sì ti rí i tó gbé pankẹ́rẹ́ sójú fèrèsé, a sì ti sọ ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí kò dùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àdéhùn yìí ṣe sí ìwé ìṣirò orílẹ̀-èdè. Ọmọ mi kan náà ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ni, ìṣọ́ kan náà ni. Nítorí pé owó ti gba ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ìṣọ́ rẹ̀ ti di iṣẹ́, èmi náà sì ti di ẹni tó níṣẹ́ ní àárọ̀ méjì lọ́sẹ̀. Ìyókù ọ̀sẹ̀, tó pọ̀ jù, wà níbi tó ti wà tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń wá ẹnìkẹta, kí ó lè kan ọjọ́ púpọ̀ sí i. Ìyá kan wà ní òpin àdúgbò wa tí òun náà ń dá nìkan wà nílé pẹ̀lú ọmọ méjì. Mo bá a sọ ọ́, inú rẹ̀ dùn, ó ní òun á bá ọkọ òun sọ. Nígbà tó padà wá, ó ní ọkọ òun bi òun pé iṣẹ́ kí ni òun ń ṣe nílé tí òun fi ń wá ẹni tí yóò ran òun lọ́wọ́.